Saba, Erékùṣù Tó Nàró Láàárín Òkun

Ẹ ronú akẹtẹ̀ ńlá tí àwọn darandaran máa ń dé nígbà oòrùn, èyí tí orí rẹ̀ ṣóńṣó tí etí rẹ̀ sì gbòòrò. Ẹ gé etí gbígbòòrò yẹn dànù, kí ó ku kìkì ibi tó ṣóńṣó. Ẹ wá gbé èyí tó kù sójú omi. Bí Saba ṣe rí nìyẹn: orí ni, kò ní etí. Ibi tí omi òkun parí sí, ibẹ̀ ni ògiri àpáta ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń retí iyanrìn funfun àti igi àgbọn létí omi, bí a ti máa ń rí i nínú àwòrán àwọn erékùṣù Kàríbíánì, kò ní rí i níbẹ̀.

Erékùṣù yìí wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Òkun Kàríbíánì. Bàálù kékeré tó bá gbéra ní Sint Maarten, erékùṣù tó múlé tì í, máa ń débẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gbogbo ilẹ̀ Saba kò ju kìlómítà onígun mẹ́rin 13 lọ, àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí 2,000. Holland ló ni ín. Láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2010 ni ó ti di ìjọba ìbílẹ̀ àkànṣe lábẹ́ Holland. Síbẹ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé àti lọ́jà, dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ń ná láti ọdún 2011.

Ọ̀rọ̀ Holland yìí máa ń yà mí lẹ́nu. Orílẹ̀-èdè tó ń fi ògiri dí òkun lọ́nà nítorí pé apá kan ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ ju omi lọ, òun náà ló ni òkúta tó nàró yìí. Ní Yúróòpù, ibi tó ga jù ní Holland jẹ́ nǹkan bí mítà 322 péré. Orí Mount Scenery, òkè àárín Saba, ju mítà 850 lọ, òun ló sì ga jù nínú gbogbo ilẹ̀ tí adé Holland ń ṣàkóso.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nípa irú ibi báyìí ni pé wọ́n ń fi ìbú ilẹ̀ wọn ìgbésí ayé ibẹ̀. Wọ́n á ní: kìlómítà 13 péré? Ẹnì kan lè rìn ín já láàárọ̀ kan. Àwòrán ilẹ̀ ló tàn wọ́n, torí pé pẹlẹbẹ ni bébà. Lórí Saba, jíjìn kọ́ ni ará ìlú ń rò kó tó jáde nílé, gíga ni. Bí a bá fi èyí sọ́kàn, ibi tí wọ́n kọ́ ilé sí, ibi tí omi mímu ti ń wá, àti ìdí tí títì fi pẹ́ kó tó dé, gbogbo rẹ̀ ni yóò yé wa.

Òkè tó fẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ òkun

Erékùṣù olókè kì í ṣe ilẹ̀ tó léfòó sórí omi bí igbá. Ó ní ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ Saba wà nísàlẹ̀ òkun lọ́hùn-ún, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà sísàlẹ̀ ojú omi, èyí tí à ń fojú rí kò ju ejìká àti orí lọ. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lókè, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń bá a lọ nínú omi. Àwọn tó ń rì wọ omi láti wo ẹja àti iyùn mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ti ọ̀nà jíjìn wá, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi sọ omi etí erékùṣù náà di ibi ààbò lọ́dún 1987, kí ẹnikẹ́ni má bà á jẹ́.

Báwo ni òkè ṣe dé àárín òkun? Eepo ilẹ̀ ayé kì í ṣe odindi kan ṣoṣo. Ó pín sí awẹ́awẹ́ bí obì, àwọn awẹ́ náà sì ń rọra yí kúrò láàyè wọn. Awẹ́ tó wà lábẹ́ Òkun Àtìláńtíìkì ń rá wọ abẹ́ awẹ́ tó gbé Òkun Kàríbíánì, díẹ̀díẹ̀ débi pé ojú kò lè rí i. Bí ó ti ń wọ ìsàlẹ̀ lọ ni ooru ń mú un, omi tó gbé wọlẹ̀ á jáde lára rẹ̀, omi yìí ni yóò sì mú kí àpáta tó wà lókè rẹ̀ yọ́. Àpáta tó ti yọ́ fúyẹ́ ju èyí tó yí i ká lọ, nítorí náà yóò máa wá ọ̀nà òkè. Ibi tó bá ti rí ojú ihò jáde ni à ń pè ní òkè ayọnáyèéfín.

Kì í ṣe Saba nìkan ni irú èyí bí. Sint Eustatius, Saint Kitts, Montserrat, Guadeloupe, Martinique, títí dé Grenada, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí òwú, nítorí pé orí ìlà kan náà ni awẹ́ kan ti ń wọ abẹ́ èkejì. Saba ló kángun sí ìhà àríwá nínú àwọn tí iná ṣì lè jáde lára wọn. Lójú àwọn onímọ̀ nípa àpáta, ọmọdé ni. Kò tíì pé mílíọ̀nù ọdún kan.

Àmàlà àti ògì

Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé kí ló dé tí òkè yìí fi nàró tó bẹ́ẹ̀? Àwọn òkè ayọnáyèéfín mìíràn wà tí wọ́n gbòòrò, tí ènìyàn lè máa gùn wọ́n fún odidi ọjọ́ kan láìmọ̀ pé òun ń gòkè.

Ìdáhùn rẹ̀ wà nílé ìdáná. Bí ògì gbígbóná bá dà sílẹ̀, á ṣàn, á tẹ́, á gba gbogbo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bu àmàlà tó le sínú àwo, á dúró bí òkìtì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ga. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpáta yíyọ́. Èyí tó ń jáde ní Hawaii ṣàn bí ògì, ìdí nìyí tí àwọn òkè ibẹ̀ fi tẹ́ rẹrẹ. Ti Saba ki bí àmàlà. Nígbà tó bá jáde, kò lè rìn jìnnà. Orí ihò tó bá yọ ni yóò wú sí, tí yóò sì le síbẹ̀. Òkìtì kan á wú, òmíràn á tún wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn èyí tó ga lára wọn á wó lulẹ̀, eérú àti òkúta á kún àárín wọn. Gbogbo Saba kò ju òkìtì mélòó kan tí wọ́n fara ti ara wọn lọ, Mount Scenery sì ni olórí wọn.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní ìkángun àríwá ìlà-oòrùn, àpáta yíyọ́ tó jáde níbẹ̀ kò ki tó ti ìyókù. Ó ṣàn sọ̀ kalẹ̀, ó wọ òkun, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Flat Point ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ìyẹn ni pé ibi tó tẹ́jú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ yìí, torí a máa padà síbẹ̀.

Nǹkan kan tún wà nípa àpáta tó ki. Ó máa ń há afẹ́fẹ́ gbígbóná mọ́ inú, bí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a mì tí a kò ṣí. Bí ó bá wá bú, kì í fara balẹ̀ ṣàn. Eérú, òkúta àti afẹ́fẹ́ tó gbóná ju ti inú ààrò lọ ni yóò ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ ènìyàn kò sì lè sá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irú èyí ló pa ìlú Saint-Pierre run ní Martinique lóṣù Karùn-ún ọdún 1902, tí ènìyàn tó ju 25,000 lọ sì kú. Irú rẹ̀ náà ló bẹ̀rẹ̀ ní Montserrat lọ́dún 1995, tí Plymouth, olú-ìlú ibẹ̀, fi di ibi tí eérú bò.

Ṣé òkè Saba ti kú? Ọ̀pọ̀ ló rò bẹ́ẹ̀ nítorí pé igbó ti bo orí rẹ̀, kò sì sí ẹni alààyè tó rí iná jáde níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún ọdún díẹ̀ péré ni iná rẹ̀ fi dákẹ́, ohun tó dàbí ìṣẹ́jú kan nínú ọjọ́ ayé òkè. Omi gbígbóná ṣì ń sun jáde níbì kan tàbí òmíràn létí òkun. Ní ìhà àríwá, lẹ́bàá abúlé Hell's Gate, wọ́n wa imí ọjọ́ nínú ihò ní ọ̀rúndún 19, imí ọjọ́ yìí sì jẹ́ ohun tí èémí òkè ayọnáyèéfín máa ń fi sílẹ̀. Òkè tó sùn ni Saba. Ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti Holland ti ri ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ káàkiri ibẹ̀ láti máa gbọ́ bí ilẹ̀ bá mì tàbí bí ó bá wú.

Ìlú mẹ́rin àti orúkọ tó ń ṣini lọ́nà

Abúlé mẹ́rin ló wà ní Saba: The Bottom, Windwardside, St. John's àti Zion's Hill. Zion's Hill yìí náà ni Hell's Gate. Òkè Síónì ni ìwé ìjọba ń pè é, Ẹnu Ọ̀nà Ọ̀run Àpáàdì ni ará ìlú ṣì ń pè é. Windwardside kọjú sí ìlà-oòrùn níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, orúkọ rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀.

The Bottom, tó jẹ́ olú-ìlú, ló ń da orí ènìyàn rú. Ẹni tó gbọ́ orúkọ yìí á rò pé ìlú náà wà nísàlẹ̀ pátápátá, létí omi. Irọ́ ni o. Ó ga tó nǹkan bí mítà 250 sókè òkun. Ẹlòmíràn á sì sọ pé ìsàlẹ̀ kòtò ẹnu òkè ayọnáyèéfín ni, pé inú ihò iná ni àwọn ènìyàn kọ́lé sí. Èyí náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àfonífojì ni, tí àwọn òkìtì àpáta yí ká, tí eérú àti òkúta sì ti kún ìdí rẹ̀ tó fi tẹ́jú díẹ̀. Àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe lórí orúkọ náà ni pé ọ̀rọ̀ èdè Dutch kan tó túmọ̀ sí abọ́ ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ tí wọ́n sì yí padà. Bí ẹ bá dúró lórí òkè kan kí ẹ wò ó, abọ́ náà ni yóò hàn sí yín: etí rẹ̀ ga yíká, ilé funfun olórùlé pupa sì kún inú rẹ̀.

Ẹ wo ibi tí àwọn abúlé yìí wà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà létí òkun. Àwọn tí Holland kó wá láti Sint Eustatius ní ọ̀rúndún 17, àti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, Ireland àti Scotland tó dà pọ̀ mọ́ wọn, àti àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú wá, tí wọn kò rí òmìnira títí di ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1863, gbogbo wọn ló gòkè lọ gbé. Etí òkun kò ní ilẹ̀ tí ènìyàn lè fẹ̀yìn tì. Òkè ló ní ilẹ̀ díẹ̀ tí iṣu àti ọ̀dùnkún lè hù, òkè ló tutù, òkè náà ló sì ṣeé dáàbò bò. Ìtàn wọn sọ pé nígbà tí ọ̀tá bá dé láti òkun, ńṣe ni wọ́n máa ń to àpáta ńlá jọ létí ọ̀nà, tí wọ́n á yí wọn lulẹ̀ sórí ẹni tó bá ń gòkè bọ̀.

Ilẹ̀ tó tẹ́jú ṣọ̀wọ́n débi pé ọ̀pọ̀ ilé ló ní ibojì àwọn àgbà wọn nínú ọgbà. Àwa tí a ti ń sin bàbá sínú ilé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò ní rí èyí bí ohun àjèjì.

Omi: òkun yí wọn ká, òrùlé ni kànga wọn

Ó máa ń ṣòro fún ènìyàn láti gbà pé ibi tí òjò ti ń rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè máa wá omi. Kò sí odò tó ń ṣàn yíká ọdún lórí Saba. Òjò tó bá rọ̀ kò rí ibi jókòó. Ilẹ̀ ti dà jù, àpáta sì kún fún ihò àti sísán. Apá kan á rin wọlẹ̀, apá kan á gba inú ọ̀gbun sáré lọ sí òkun. Kí ẹni tí òjò pa tó dé ilé, omi náà ti lọ.

Òjò fúnra rẹ̀, òkè ló ń fà á. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ ti rìn jìnnà lórí òkun, ó sì ti rin gbindin. Nígbà tó bá kan òkè, kò lè gba inú rẹ̀ kọjá, ó ní láti gòkè. Bí ó ti ń gòkè ni ó ń tutù, ọ̀rinrin inú rẹ̀ á sì di ìkùukùu, gẹ́gẹ́ bí ooru ìkòkò ọbẹ̀ ṣe ń di omi lára ìdérí. Ìdí nìyí tí orí Mount Scenery fi máa ń wọ fìlà kùrukùru lọ́pọ̀ ọjọ́, tí oòrùn sì ń ràn nísàlẹ̀.

Nítorí èyí, ẹni tó bá ń gòkè láti etí òkun máa rí ìlú igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín wákàtí mélòó kan. Ọrọ́ àti koríko gbígbẹ ló wà nísàlẹ̀. Lókè díẹ̀ ni igi eléso àti oko wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni igbó tútù, tí ewé ìkókò gbòòrò bí abẹ̀bẹ̀, tí igi gbé igi mìíràn pọ̀n. Lórí pátápátá ni igi kúkúrú tó ti wọ́, tí ewé tútù wẹ́wẹ́ bo ara wọn, tí omi ń kán láti ara wọn kódà nígbà tí òjò kò rọ̀. Láti Windwardside, àtẹ̀gùn 1,064 ló gba inú igbó yìí dé orí òkè.

Ọgbọ́n tí àwọn ará Saba dá sí ọ̀rọ̀ omi ni omi ọ̀ṣọ̀rọ̀. Òrùlé ilé kọ̀ọ̀kan ní gọ́tà yíká, gọ́tà náà á darí omi sínú tánkì tí wọ́n fi òkúta àti sìmẹ́ǹtì kọ́ sábẹ́ ilé tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Mìlímítà òjò kan tó bá rọ̀ sórí mítà onígun mẹ́rin kan á fún wa ní lítà kan. Òrùlé tó bá jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 100, bí òjò mìlímítà 20 bá rọ̀ sórí rẹ̀, lítà 2,000 nìyẹn, bí gọ́tà kò bá jò. Nítorí náà, níbẹ̀, ẹni tó bá ń kọ́lé kò lè fi tánkì sílẹ̀ di ìgbà tí owó bá dé. Tánkì ni ìpìlẹ̀ ilé. Lónìí, ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun wà ní Fort Bay, níbi tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni Fort Bay wà, òkè sì ni àwọn ènìyàn wà. A tún padà sọ́rọ̀ gíga.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba ewúrẹ́. Àwọn ewúrẹ́ tó já tí wọ́n sì ti di ẹhànnà pọ̀ lórí àwọn ẹ̀gbẹ́ òkè yìí. Wọ́n ń jẹ ewé àti èèpo igi títí ilẹ̀ á fi wà ní ìhòòhò. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ìyẹn á dun àgbẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó dà báyìí, òjò á gbá erùpẹ̀ lọ sínú òkun, ẹrẹ̀ á sì bo iyùn tí wọ́n ń dáàbò bò nísàlẹ̀. Wọ́n ti ń dín ewúrẹ́ náà kù. Ó ń dun àwọn kan, torí pé ẹran ọdún wọn ni, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹni tó bá rí bí ẹrẹ̀ ṣe ń pọ́n ojú omi lẹ́yìn òjò ńlá yóò fara mọ́ ọn.

Àkàsọ̀, àti títì tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe

Fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún méjì ọdún lọ, ọ̀nà tí ẹrù ń gbà wọ Saba kò ju èyí lọ: orí ènìyàn. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí wọ́n ń pè ní Ladder Bay, wọ́n gbẹ́ àtẹ̀gùn bí 800 sára àpáta láti etí omi dé òkè. Àkàsọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ ńlá kò lè súnmọ́ etíkun. Ọkọ̀ àjẹ̀ kékeré ló ń lọ pàdé rẹ̀ lójú omi, tí yóò sì máa wo ìgbì kó tó sáré wọlé, tí àwọn ọkùnrin á sì ti dúró nínú omi láti dì í mú kí àpáta má fọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ẹrù lérí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn 800 náà. Ìyẹ̀fun, pákó, bẹ́ẹ̀dì, dùùrù ńlá tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin jọ gbé, gbogbo rẹ̀ ló gba ibẹ̀. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè rí lọ́wọ́ òfo, kí ó ronú àpò ìyẹ̀fun lórí ara rẹ̀.

Láàárín abúlé sí abúlé, ọ̀nà ẹsẹ̀ àti ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló wà. Aláìsàn, aboyún, òkú, wọ́n ń gbé wọn ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ títì bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹnjiníà Holland wo òkè náà, wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Kì í ṣe ìkórìíra ló mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí ibẹ̀, ẹ̀yin náà lè sọ ọ́. Ọmọ Saba kan tó ń jẹ́ Josephus Lambert Hassell kò gbà. Ó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà tí wọ́n ń fi lẹ́tà kọ́ni, ó ń gba ìwé láti òkè òkun, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé. Lọ́dún 1938, òun àti àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Báwo ni títì ṣe ń gun ibi tó nàró? Ohun tí Hassell kọ́ nínú lẹ́tà wọ̀nyẹn kò ju pàṣípààrọ̀ kan lọ: bí o kò bá lè dín gíga kù, fi gígùn kún ọ̀nà. Láti Fort Bay dé The Bottom jẹ́ gíga nǹkan bí mítà 250. Bí ọ̀nà bá lọ tààrà, ọkọ̀ kò lè gùn ún. Bí ó bá lọ́ sọ́tùn-ún, tó tún lọ́ sósì, bí ejò, gíga kan náà ni yóò gùn, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gùn ún. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé gbogbo ibi tó bá ti lọ́ gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ tó tẹ́jú tó láti gbé ọkọ̀, kò sì sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láti ṣe é. Wọ́n gé òkè lápá kan, wọ́n fi òkúta tí wọ́n gé mọ ògiri lápá kejì láti gbé ọ̀nà ró, wọ́n sì da kọnkéré sórí rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, láìsí ẹ̀rọ ńlá.

Apá àkọ́kọ́, láti Fort Bay dé The Bottom, parí lọ́dún 1943, nígbà tí ogun àgbáyé ń jà lọ́wọ́. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ dé lọ́dún 1947. Ẹ wo iye ọdún tó wà láàárín: títì ti ń dúró de ọkọ̀. Ọ̀nà náà dé Windwardside lọ́dún 1951, ó sì parí lọ́dún 1958. Ogún ọdún gbáko. Orúkọ tí wọ́n fún un kò gùn rárá: The Road, Títì náà. Kò sí òmíràn, kí ni wọ́n tún fẹ́ pè é?

Èbúté tó ṣeé gúnlẹ̀ sí dáadáa kò dé Fort Bay títí di ọdún 1972. Láti ìgbà náà ni Àkàsọ̀ ti di ibi tí àlejò ń gùn fún ìgbádùn. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣì wà, ilé aṣọ́bodè àtijọ́ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń wo òkun.

Flat Point

Bí títì ti ń lọ sópin, ẹnì kan ń wo Saba láti òfuurufú. Rémy de Haenen, awakọ̀ òfuurufú láti Saint-Barthélemy, rí i pé ibì kan ṣoṣo ló tẹ́jú ní gbogbo erékùṣù náà: ibi tí àpáta ti ṣàn bí ògì. Àwọn ará ìlú fi ọwọ́ kó òkúta kúrò, wọ́n dí kòtò, wọ́n tẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1959, de Haenen gúnlẹ̀ síbẹ̀. Pápákọ̀ gan-an ṣí lọ́dún 1963, wọ́n sì fi orúkọ Juancho Yrausquin, ẹni tó ti jẹ́ mínísítà rí, pè é.

Ibi tí bàálù ń sá lé níbẹ̀ gùn tó mítà 400. Bàálù ńlá tó ń gbé wa láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nílò ju kìlómítà méjì lọ. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé wọ́n ṣe é kúrú nítorí àìlówó tàbí àìbìkítà. Ilẹ̀ tó wà ni wọ́n lò. Ìkángun kan jẹ́ bèbè tó já sí òkun, ìkángun kejì náà jẹ́ bèbè, òkè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ fi mítà mẹ́wàá kún un, inú òkun ni wọ́n máa fi kún un sí. Nítorí náà, bàálù kékeré tí a dìídì ṣe fún ọ̀nà kúkúrú, irú Twin Otter, ló ń lọ síbẹ̀, awakọ̀ tó ti gba ẹ̀kọ́ àkànṣe ló sì ń wà á.

Ohun tí ilẹ̀ líle bí

Nígbà tí ilẹ̀ kò gba oko ńlá, òkun ló gba àwọn ọkùnrin. Atukọ̀ ni wọ́n di, débi pé lọ́dún 1909 Frederick Simmons, tó jẹ́ ọ̀gá atukọ̀, dá ilé-ẹ̀kọ́ ìtukọ̀ sílẹ̀ ní The Bottom. Àwọn obìnrin tó kù nílé ń ṣe léèsì. Mary Gertrude Hassell Johnson ló kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ àwọn ìyá ìjọ Kátólíìkì ní Caracas, tó sì gbé e wálé ní ọ̀rúndún 19. (Hassell tún ni, Hassell pọ̀ ní Saba bí Àjàyí ṣe pọ̀ nílẹ̀ wa.) Wọ́n ń fa òwú yọ lára aṣọ, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ so èyí tó kù di òdòdó, wọ́n sì ń fi lẹ́tà tà á fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìwé ìránṣẹ́ fúyẹ́. Òun ni ọjà tí kì í ni ènìyàn lára nígbà tó bá ń sọ̀ ní Àkàsọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan sì ti wà ní Saba láti ọdún 1992, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àti àwọn arìnrìn-àjò ló ń ná owó sí ìlú.

Etí òkun tó ń ṣí lọ ṣí bọ̀ náà wà, ní Well's Bay. Iyanrìn á hàn níbẹ̀ fún oṣù díẹ̀ nígbà tí òkun bá rọ̀, ìgbì ńlá á sì gbá a lọ padà. Òun ni wọ́n ń fi han àlejò tó bá ṣì ń béèrè iyanrìn.

Mary's Point

Abúlé karùn-ún wà rí. Mary's Point ló ń jẹ́, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn, lórí etí àpáta kan tó yọ síta lókè òkun. Àwọn ìdílé mélòó kan ló ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń dáko, wọ́n ń pẹja. Lórí bébà, kò jìnnà sí The Bottom. Ṣùgbọ́n ọ̀gbun jíjìn ló wà láàárín, ọ̀nà kan ṣoṣo tó tóóró ni wọ́n ń gbà, tí òjò sì ń gé e. Dókítà kò lè tètè dé ọ̀dọ̀ wọn, ilẹ̀ tí wọ́n sì kọ́lé lé ń ya lulẹ̀ sínú òkun.

Lọ́dún 1934, ìjọba kó wọn kúrò. Wọ́n tú àwọn ilé pákó wọn, wọ́n sì kó wọn wá sí apá kan The Bottom tí wọ́n wá ń pè ní Promised Land, Ilẹ̀ Ìlérí. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ títì bẹ̀rẹ̀ ní apá kejì erékùṣù. Títì náà kò dé Mary's Point. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀ lónìí, ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ yẹn ló máa gbà, nínú igbó tí ewúrẹ́ ti jẹ kù, títí yóò fi rí òkúta ìpìlẹ̀ ilé àti tánkì tí wọ́n ń gba omi ọ̀ṣọ̀rọ̀ sí.